Tíì Àkọ́já àti Ẹ́ńjìnnì Yasuhei

Ní Kamiose, abúlé kan lórí òkè nílẹ̀ Japan, bí o bá ra ohun tuntun tí o sì fẹ́ kí ẹnì kan bá ọ bú u, Yasuhei ni kí o gbé e lọ bá. Kò sí ohun tí ọkùnrin yẹn kò lè gàn. Ó gan ọkọ̀ tó ń fi bátìrì rìn. Ó gan ìkòkò oníná tí gbogbo ayé fi ń se ìrẹsì. Ó gan dókítà ìsàlẹ̀ odò tó tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ó fi san, ó ní ọwọ́ dókítà náà ti rọ̀ jù, kò jọ ọwọ́ ẹni tó ti ṣiṣẹ́ rí. Kó tó sọ̀rọ̀ ni yóò ti kọ́kọ́ yínmú. Imú ńlá pupa kan ni, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ojú rẹ̀ tán, bí ẹ bá sì ti rí i tó gbéra sókè, kí ẹ tètè máa kó ẹrù yín kúrò níwájú rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí kì í yínmú sí ni ẹ́ńjìnnì tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ tíì, èyí tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù abúlé. Ẹ́ńjìnnì onípísítìnì méjì ni, ooru omi ló ń tì í. Bàbá Yasuhei ló lọ rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tú ògbólógbòó ọkọ̀ ojú omi ká létí òkun, ló bá gbé e gun òkè wá. Wọ́n á fi igi kédárì àti ẹ̀ka tíì gbígbẹ dáná sábẹ́ ìkòkò irin ńlá, ooru inú ìkòkò á ti písítìnì, písítìnì á yí àgbá irin, àgbá irin á yí ẹ̀rọ amúnáwá. Iná tó ń ti ibẹ̀ jáde ló ń yí gbogbo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ́ ewé tíì, òun náà ló sì ń tan iná ojú ọ̀nà. Nígbà tí bàbá kú, Yasuhei jogún agolo ọ́ìlì àti àkísà, kò sì gbé wọn sílẹ̀ mọ́.

Inú yàrá yẹn ló ń jẹun, ibẹ̀ ló sì ń sùn nígbà ìkórè. Lọ́sàn-án, Kiyono ìyàwó rẹ̀ á gbé tíì wá fún un nínú fúláàsì. Yasuhei á fi àkísà ọ́ìlì nu ẹnu fúláàsì, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ló dọ̀tí, á dà á sínú ọmọrí, á mu ún, á sì gbójú sókè.

"Tíì àkọ́já nìyí," ni yóò wí. "Ẹni tó bá mọ tíì á mọ̀ ọ́n."

Kiyono á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá," á gba fúláàsì rẹ̀, á máa lọ.

Tíì àkọ́já ni èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ já nígbà tí òtútù bá ká sẹ̀. Ewé rẹ̀ rọ̀, àwọ̀ omi rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewéko tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, òun ni wọ́n ń kó lọ sí ọjà Shizuoka, owó rẹ̀ ni gbogbo Kamiose sì fi ń rí ọdún náà já. Àjákẹ́yìn ni ewé tó ti gbó, tó le, tí omi rẹ̀ pọ́n bí omi èèpo igi. Àwọn tó ń ro oko ló ń mu ún nítorí òùngbẹ. Ọmọ ọwọ́ Kamiose pàápàá mọ ìyàtọ̀ méjèèjì.

Kiyono kú nígbà yìnyín. Ọdún yẹn kan náà ni ọ̀rọ̀ kẹrosíìnì dójú ẹ̀.

Iná méjì ni ilé iṣẹ́ náà ń dá. Iná igi ń ti ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n ewé tí wọ́n bá já, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ooru omi tó mọ́ bọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an kó má baà pọ́n, ìkòkò kékeré kan tó ń jó kẹrosíìnì ló sì ń ṣe ìyẹn. Kẹrosíìnì ń wọ́n sí i lọ́dọọdún. Bẹ́ẹ̀ ni ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì Yasuhei kàn ń fẹ́ lọ sójú ọ̀run lásán. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń bi ara wọn léèrè pé kí ló dé tí wọn kò lè fi ooru yẹn bọ ewé. Wọ́n bi ara wọn nínú oko, wọ́n bi ara wọn nílé ìwẹ̀, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó bi Yasuhei. Bí wọ́n ti rí nìyẹn. Wọn kì í sọ ohun tó ń dùn wọ́n lójú ẹni tó kàn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á wá ránṣẹ́ pe àlejò láti ọ̀nà jíjìn kó wá bá wọn sọ ọ́.

Àlejò tí wọ́n pè ni Hatano Mizuki, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti Hamamatsu. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan lé orí tábìlì ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, gbogbo èèyàn sì yí i ká. Yasuhei dúró lẹ́yìn wọn, imú rẹ̀ ti gòkè.

"Kí nìyí?" ó ní. "Ṣé ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fẹ́ irun gbẹ nìyí?"

"Tọ́báìnì ni, Bàbá. Ooru á máa lu àwọn abẹ́ inú rẹ̀, á sì máa yí. Kò ní písítìnì."

"Mo ti mọ tọ́báìnì kí wọ́n tó bí bàbá ẹ. Gbọ́, jẹ́ kí n bi ẹ́. Àwọn abẹ́ yẹn àti ìkarahun tó bò wọ́n, ṣé wọ́n fara kanra?"

"Rárá, Bàbá. Àlàfo díẹ̀ wà níbẹ̀."

"Ooru ń gba àlàfo yẹn sá lọ láìṣiṣẹ́, àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ẹ ò pa irọ́."

"Nínú tọ́báìnì ńlá, àlàfo yẹn ò já mọ́ nǹkan. Èyí tí ò tó orí ọmọdé yìí ńkọ́? Gbogbo ooru ibẹ̀ á ti sá lọ kó tó ronú àtiṣiṣẹ́!" Ó yíjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbọ́ o! Wọ́n ní kí ẹ wá máa fi apẹ̀rẹ̀ pọnmi."

Mizuki kò bínú. "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Tó bá jẹ́ iná mànàmáná nìkan là ń wá, ní ìwọ̀n kékeré tí abúlé yìí ń lò, ẹ́ńjìnnì yín á na tèmi. Tèmi á jẹ ooru tó ìlọ́po méjì kó tó mú iná kan náà wá. Ó ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, àfi ká fi jíà dín eré ẹ̀ kù kó tó lè bá ẹ̀rọ amúnáwá rìn. Tí ooru bá sì lọ́rinrin, omi á máa jẹ abẹ́ rẹ̀. Písítìnì ò bìkítà."

Yasuhei wo yíká yàrá bí àkùkọ tó gun orí ààtàn. Òmùgọ̀ ni ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nítorí pé ẹni tó ń bá a jà gbà fún un. Yasuhei rò ó.

"Ṣùgbọ́n ooru tó bá jáde lára tèmi mọ́," Mizuki ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. "Ọ́ìlì ò dé ibi tó ń gbà rárá. Ẹ lè darí ẹ̀ sórí ewé tààrà, kẹ́ ẹ pa iná kẹrosíìnì. Ooru tí Bàbá pè ní òfò yẹn, ewé ni yóò lọ sè, kì í ṣe òfò mọ́. Iná kan á wá ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Inú písítìnì gbọ́dọ̀ lọ́ìlì, tí ò bá sí ọ́ìlì níbẹ̀ ó máa há. Ọ́ìlì yẹn ló ń bá ooru jáde. Ewé tíì sì rèé, kò sí òórùn tí kì í fà mọ́ra."

"Màá fi asẹ́ sí i."

"Asẹ́ wo, Bàbá?"

"Kànrìnkànrìn. Aṣọ. Èédú ọparun. Ohun tí bàbá mi fi ń sẹ́ omi mu nìyẹn, kò sì ṣàìsàn rí."

"Bàbá, ọ́ìlì tó bá ti bá ooru rìn kì í gbọ́ ti kànrìnkànrìn."

"Ìwọ ni kì í gbọ́ ti àgbà!"

Otaki, alága ẹgbẹ́, wú ikọ́. Ọkùnrin yìí ti wà nípò alága láti ìgbà pípẹ́ nítorí pé kò tíì sọ "rárá" fún ẹ̀dá alààyè kan rí. Ó ní èrò méjèèjì ló dára. Ó ní ó ṣòro láti mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tó ti yípo ọ̀rọ̀ títí, ó dábàá pé kí Bàbá Yasuhei kọ́kọ́ fi ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bọ ewé oko Kiyono tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, torí oòrùn ń kan ibẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ tó já. Gbogbo ẹgbẹ́ á tọ́ ọ wò. Bí tíì náà bá dára, ẹ́ńjìnnì dúró, àkọ́já gbogbo abúlé á sì gba inú páìpù rẹ̀ kọjá lọ́jọ́ ìkórè. Bí kò bá dára, tọ́báìnì á wọlé, Yasuhei á sì lọ jókòó sílé.

Yasuhei já ewé náà fúnra rẹ̀. Kò já tíì rí láyé rẹ̀, ó ní iṣẹ́ obìnrin ni, ó sì já a tèèpo-tèèpo, àtewé àtigi. Ó so páìpù mọ́ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó ki kànrìnkànrìn àti èédú bọ inú agolo kan, ó gbé agolo náà sí agbede méjì páìpù, ó sì fi ooru tó jáde bọ ewé. Ó lọ́ ewé, ó mú un gbẹ, ó da omi gbígbóná sí i. Ó gbé imú lé e. Kò gbọ́ òórùn kankan. Ó tọ́ ọ wò, ó pòṣé sí Mizuki tí kò sí níbẹ̀.

"Ẹni tó bá mọ tíì á mọ̀ ọ́n," ó wí fún ẹ́ńjìnnì.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìkórè ni wọ́n pé jọ láti tọ́ ọ wò. Yasuhei bu tíì fún gbogbo wọn, ó sì ṣí àgbá tó kẹ́yìn tí Kiyono fi iyọ̀ rẹ gbòǹgbò dáíkónì sí, ó gé e wẹ́wẹ́ sínú àwo ńlá fún wọn láti máa fi pa ẹnu dà. Wọ́n gbé ife. Òórùn ẹ́ńjìnnì kọlù wọ́n kí ife tó kàn wọ́n létè. Ojú ọkùnrin kan ṣomi. Wọ́n mu ún.

"Háà," ni Otaki wí. "Tíì rèé."

"Ó yàtọ̀," ni èkejì wí. "Ó yàtọ̀ gan-an ni."

"Ó ń ta lọ́fun dáadáa," ni ẹ̀kẹta wí, ó sì na ọwọ́ sí dáíkónì.

Gbogbo ọwọ́ ló ń lọ síbi dáíkónì. Wọ́n ń mu tíì díẹ̀, wọ́n ń jẹ dáíkónì púpọ̀, wọ́n ń béèrè bóyá òjò á rọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Mizuki nìkan ló fẹnu kan tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tó gbé e kalẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó ní, "Bàbá, mo rò pé..." Otaki sáré ti àwo síwájú rẹ̀, ó ní, "Ọmọ wa, ẹ jẹ dáíkónì díẹ̀ sí i. Ìyàwó wọn tó ṣaláìsí ló ṣe é." Mizuki wo ojú rẹ̀, ó wo ojú àwọn tó kù. Kò sẹ́ni tó gbé orí sókè. Ó mú ẹyọ dáíkónì kan.

Ẹ wo àwọn àgbàlagbà! Oúnjẹ ọdún kan gbáko wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì fẹ́ gbé e lọ fi ọ́ìlì sè nítorí ojú ń tì wọ́n. Olúkúlùkù wọn ń retí kí ẹlòmíì sọ ọ́. Ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyàwó rẹ̀, àbí kò rí bẹ́ẹ̀? Dáíkónì òkú ni wọ́n ń jẹ. Ta ni yóò jẹ àjẹtán, tí yóò wá nu ẹnu, tí yóò ní tíì rẹ ń rùn? Ìwà tútù ni wọ́n ń pe èyí ní Kamiose. Ojo ni orúkọ tó ń jẹ́ níbòmíràn.

Yasuhei wo àwo tó ti ṣófo, orí rẹ̀ wú. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré náà lọ síwájú Mizuki. "Gba ẹ̀rọ afẹ́rungbẹ ẹ. Ilé yá."

Ó bu díẹ̀ nínú èyí tó kù sínú ife tó dára jù nílé, ó gbé e síwájú àwòrán Kiyono lórí pẹpẹ òkú, ó sì tan tùràrí. Ibẹ̀ ni Tokie bá a. Tokie ni ẹ̀gbọ́n Kiyono, opó ni, òdìkejì odò ló ń gbé. Nínú gbogbo ìdílé tó wà ní Kamiose, òun nìkan ni àìsàn ìwà tútù kò ràn, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi pè é sí ìpàdé. Ó gbé ọ̀mùnú ọparun wá fún pẹpẹ àbúrò rẹ̀. Kó tó bọ́ bàtà tán lẹ́nu ọ̀nà ló ti dúró.

"Yasuhei! Ta ló ń tún mọ́tò ṣe nínú ilé?"

"Kò sẹ́ni tó ń tún mọ́tò ṣe. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Tokie tẹ̀ lé òórùn náà títí ó fi dé iwájú pẹpẹ. Ó gbé ife kúrò níwájú àwòrán, ó kan ẹnu sí i, ó sì tu ú sínú aṣọ ìnuwọ́.

"Ọ́ìlì! Ìwọ lo gbé èyí fún àbúrò mi? Ó kú tán, o tún fẹ́ pa á lẹ́ẹ̀kejì?"

"Àkọ́já oko rẹ̀ ni. Gbogbo ẹgbẹ́ ló mu ún lónìí, gbogbo wọn ló sì ní ó dáa."

"Gbogbo wọn? Otaki wà níbẹ̀?"

"Otaki ló kọ́kọ́ yìn ín."

"Otaki tó bá mi níbi tí mo ti ń sunkún ọkọ mi, tó ní aṣọ ọ̀fọ̀ yẹ mí! Ìyẹn lẹlẹ́rìí ẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n jẹ odindi àwo dáíkónì tán níbi tíì yẹn."

Tokie wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi di òpó ilé mú. "Wọ́n jẹ dáíkónì tán! Ẹnu ni wọ́n ń fọ̀, ìwọ òpònú yìí! Wọ́n fẹ́ yọ èébì lójú ẹ!"

Imú Yasuhei gbéra. "Ẹ̀yin lẹ ò mọ tíì. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ àbúrò yín ni mo ti ń mu àkọ́já. Kò sí ọdún tí mo fò. Nínú abúlé yìí, bí mo bá ní..."

"Ta ló sọ fún ẹ pé àkọ́já lò ń mu?"

Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. Ó dìde lọ sí ilé ìdáná. Agolo méjì ló wà lórí pẹpẹ àwo Kiyono, ọ̀kan so okùn pupa, èkejì kò so nǹkan. Yasuhei ti ń rí agolo méjèèjì láti ìgbà tó ti gbéyàwó, kò bèèrè rí ìdí tí wọ́n fi jẹ́ méjì. Tokie da omi gbígbóná sí méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó gbé ife méjì wá, ó sì fi ife ọ́ìlì ṣe ẹ̀kẹta.

"Di ojú ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́..."

"Di ojú ẹ, ọlọ́gbọ́n! Sọ èyí tó jẹ́ àkọ́já fún mi."

Yasuhei dijú. Ó mu èkíní, ó mu èkejì, ó mu ẹ̀kẹta. Ó padà sí èkejì, ó mu ún dáadáa, ó gbójú sókè bó ti máa ń ṣe nínú yàrá ẹ́ńjìnnì.

"Èyí ni," ó wí. "Ẹni tó bá mọ tíì á mọ̀ ọ́n."

"La ojú."

Ó la ojú. Omi tó wà nínú ife ọwọ́ rẹ̀ pọ́n bí omi èèpo igi. Àjákẹ́yìn ni. Èyí tó tutù yọ̀yọ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ife ọ́ìlì, ó sì ti mu nínú méjèèjì láìmọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

"Inú agolo aláìlókùn ni Kiyono ti ń bù fún ẹ," Tokie wí. "Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti wà lọ́dọ̀ọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé ìgbéyàwó yín ló ti rí i pé ẹ́ńjìnnì yẹn ti jó imú ẹ tán. Ó ní kí ni kóun máa da àkọ́já sí ọ̀fun tí ò lè mọ̀ ọ́n sí? Ó ń tọ́jú ẹ̀ fún àlejò. Fún èmi. Gbogbo ìgbà ìrúwé la jọ ń jókòó síbí, tó máa fi ohùn ẹ sọ ọ́ fún mi. 'Ẹni tó bá mọ tíì á mọ̀ ọ́n.' A máa ń rẹ́rìn-ín títí a ó fi di ikùn mú."

Yasuhei kò yínmú. Ó gbé ọwọ́ lé imú náà, bí ẹni pé ẹlòmíì ló ni ín. "Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Lọ́dọọdún."

"Kò sọ fún mi."

"Mo ní kó sọ. Ó ní o máa ń dùn ún wò tó o bá ń yìn ín." Tokie da ife ọ́ìlì sínú agbada ìfọwọ́. "Tí ẹlòmíì bá fi ẹ́ rẹ́rìn-ín, á bá onítọ̀hún jà. Èmi nìkan ló gbà láyè. Ó dáa, ọ̀la ni ìkórè. Àwọn ojo yẹn á kó ewé wá síwájú páìpù ẹ, wọ́n á máa tẹrí ba, wọ́n á fi ọ́ìlì sè é, wọ́n á sì gbé e lọ sí Shizuoka. Wọn ò ní sọ ọ́ fún ẹ láé. Mo ti sọ tèmi."

Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà, ilẹ̀ ló fi ń lá lọ. Yasuhei jókòó síwájú àwòrán ìyàwó rẹ̀ títí tùràrí fi jó tán. Ó bú Otaki. Ó bú Tokie. Ó gbìyànjú láti bú Kiyono náà, ọ̀rọ̀ kò wá sí i lẹ́nu.

Láàárọ̀, àwọn obìnrin sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú agbọ̀n àkọ́já, ewé náà ṣì tutù fún ìrì. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti tò síwájú ẹ̀rọ ìbọwé, ojú wọn bí ojú ẹni tó fẹ́ sin òkú. Yasuhei ti inú yàrá ẹ́ńjìnnì jáde.

"Tíì tí mo fún yín lánàá," ó wí, "ó ń rùn fún ọ́ìlì."

Gbogbo wọn wo Otaki.

"Rárá o, Bàbá Yasuhei," Otaki wí, ó tẹrí ba. "Ó dára púpọ̀. Ó ní... ó ní agbára."

"Ó ń rùn, Otaki."

"Ẹ̀yin lẹ̀ ń rẹ ara yín sílẹ̀. Gbogbo wa la gbádùn ẹ̀."

"Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?" Yasuhei yọ fúláàsì jáde, ó bu tíì àná tó kù kún ọmọrí, ó sì gbé e fún alága. Òórùn rẹ̀ kan àwọn obìnrin níbi agbọ̀n. "Ó yá. Ẹ gbádùn ẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Tẹ́ ẹ bá mu èyí tán, ká da ewé síbẹ̀."

Otaki gba ọmọrí náà. Ó gbé e dé ẹnu. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó tún gbé e. Òógùn ń ṣàn níwájú orí rẹ̀.

"Bàbá," ó wí pẹ̀lẹ́, "dáíkónì ò sí mọ́?"

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nídìí agbọ̀n, ló bá di ti gbogbo ilé. Ẹnìkan ní òun bì lẹ́yìn igi nígbà tí òun ń lọ sílé. Òmíràn ní ìyàwó òun kò jẹ́ kí òun wọlé. Àwọn tí kò lè sọ òtítọ́ lánàá ń jà dù ú lónìí, wọ́n ń sọ ọ́ lójú ọkùnrin náà bí ẹni tó ń pín ẹran. Àgbàyà gbáà ni wọ́n. Yasuhei dúró láàárín wọn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò yínmú sí ẹnì kankan. Lẹ́yìn náà ó lọ ti fáàfù páìpù rẹ̀ pa, ó tú agolo kànrìnkànrìn dànù, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dáná sí ìkòkò kẹrosíìnì. Wọ́n fi ooru tó mọ́ bọ àkọ́já.

Tọ́báìnì wọlé ní ìgbà ìwọ́wé. Yasuhei ló bá Mizuki so ó, ó sì bú u láti ìgbà tí wọ́n ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ títí di òní yìí. Ó ní ó ń ké bí ẹ̀fọn. Ó ní ó ń jẹ igi bí ikán, kò sì sí ẹni tó lè fẹ́ràn ohun tí èèyàn ò rí ibi tó ti ń mí. Ní ti igi tó ń jẹ, òtítọ́ ló sọ. Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilé, ó ń fi ọ́ìlì nu ún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lọ síbì kankan mọ́.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkórè yẹn ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n fún un ní ìpín tirẹ̀ nínú àkọ́já, ó sì gbé e lọ sílé. Ó dà á sínú agolo olókùn pupa. Ó da omi gbígbóná sí díẹ̀ nínú rẹ̀, ó wo bó ti tutù yọ̀yọ̀, ó sì gbé e síwájú àwòrán Kiyono. Ó nawọ́ sí agolo kejì, ó bu tirẹ̀ níbẹ̀. Ó jókòó, ó mu ún, ó gbójú sókè.

"Tíì àkọ́já nìyí," ó wí fún un. "Ẹni tó bá mọ tíì á mọ̀ ọ́n."

Ó dúró díẹ̀ kí Kiyono lè rẹ́rìn-ín, kóun tó mu èyí tó kù.